Ẹ̀yìn-olobe, ewé tó ń so lábẹ́ ewé

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta sórí ilẹ̀ pupa Ifangni ní orílẹ̀-èdè Benin, ẹ̀yìn-olobe a hù. Kì í dúró de ẹni tí yóò gbìn ín. Ẹ ó rí i lẹ́yìnkùlé, nídìí ògiri, láàárín ebè àgbàdo àti lábẹ́ ọ̀pẹ. Èpò ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kà á sí, ọkọ́ ni wọ́n sì fi ń ha á dànù. Ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú wọn ni yóò bẹ̀rẹ̀, tí yóò fà á tu tigbòǹgbò tigbòǹgbò, tí yóò dì í ní ìdì kékeré gbé relé. Dọ́bísọwọ́ ni àwọn kan ń pè é láàárín Yorùbá; àwọn elédè Fọn ń pè é ní hlinwé.

Àfi kí èèyàn lóṣòó tì í kó tó rí i dáadáa. Ó ṣọ̀wọ́n kó ga kọjá orúnkún. Igi rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó nà gbọnrangandan, kò sì sí ewé gidi kankan lára igi náà, bí kò ṣe ìpẹ́ kéékèèké. Àwọn ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tó yọ sí ẹ̀gbẹ́ ló ru ewé, lọ́tùn-ún lósì, títí dé ṣóńṣó. Ojú lè tan èèyàn jẹ kó rò pé ewé ńlá kan tó pín wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ni ẹ̀ka náà, nítorí pé bó bá gbó, odindi rẹ̀ ló ń já bọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn ewé náà á pa dé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á tún là.

Ẹ wá yí ẹ̀ka kan padà. Abẹ́ ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Níbi tí ewé kọ̀ọ̀kan ti so mọ́ ẹ̀ka ni òdòdó ti ń yọ, ó funfun, àwọ̀ ewé díẹ̀ sì wà láàárín rẹ̀, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Akọ kan àti abo kan ló sábà máa ń jọ gbé ibẹ̀. Abo ló ń di èso róbótó oníyàrá mẹ́ta, kóró méjì nínú ìyàrá kọ̀ọ̀kan. Bí èso náà bá gbẹ, á bẹ́ fúnra rẹ̀, á sì ta kóró káàkiri. Ìdí nìyẹn tí ọkọ́ kò fi rí i pa run títí di òní olónìí.

Ó ní ìbátan tó jọ ọ́ gidigidi, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Phyllanthus urinaria. Èso ìbátan náà lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka pẹ́kípẹ́kí, ara rẹ̀ sì rí ṣákiṣàki. Ti ẹ̀yìn-olobe ní ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́, ara rẹ̀ ń dán. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹlẹ́wé ọmọ mọ ìyàtọ̀ yìí, torí pé bí ewé bá ti gbẹ tó sì ti rún, ta ni yóò tún dá wọn mọ̀?

Etíkun tiwa níhìn-ín ni sáyẹ́ǹsì ti mú un sọ lórúkọ. Peter Thonning, ará Denmark, kó ewé jọ lápá ibi tí à ń pè ní Gánà lónìí láàárín 1799 sí 1803. Onímọ̀ ewé kan, Schumacher, tẹ àkọsílẹ̀ nípa àwọn ewé náà jáde ní 1827, ó sì pe eléyìí ní Phyllanthus amarus, nítorí ìkorò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ olóoru Amẹ́ríkà ni àwọn onímọ̀ gbà pé ó ti ṣẹ̀, kó tó sọdá òkun dé ọ̀dọ̀ wa.

Ibà ni iṣẹ́ tí a mọ̀ ọ́n mọ́ jù, pàápàá ibà apọ́njú, èyí tí ẹyin ojú ń pọ́n tí ìtọ̀ náà sì ń pọ́n. Igi, ewé, gbòǹgbò, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń fọ̀ tí wọ́n ń sè lágbo. Àwọn mìíràn ń rẹ ẹ́ sínú omídùn, àwọn àgbàlagbà sì ń rẹ ẹ́ sínú ọtí sódábì. Wọ́n ń lò ó fún inú rírun, ìgbẹ́ ọ̀rìn àti àtọ̀gbẹ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ ojú pípọ́n yìí ló gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà. Ní 1988, ìwé ìròyìn Lancet tẹ iṣẹ́ Thyagarajan láti Índíà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde. Baruch Blumberg wà lára wọn, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1976 lórí fáírọ́ọ̀sì àrùn mẹ́dọ̀wú tí wọ́n ń pè ní hepatitis B. Wọ́n fún èèyàn 37 tó ru fáírọ́ọ̀sì náà ní ẹ̀yìn-olobe gbígbẹ fún 30 ọjọ́. Àmì fáírọ́ọ̀sì náà pòórá nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn 22. Nínú 23 tí wọn kò fún ní ewé náà, ẹnì kan péré ni àmì náà pòórá nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìròyìn náà tàn bí iná ọyẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn mìíràn dán an wò ní Thailand àti New Zealand, kò rí bẹ́ẹ̀.

Èmi kò rí ẹ̀gàn fún àwọn bàbá wa nínú èyí. Ojú tó pọ́n ni wọ́n rí, òun ni wọ́n sì tọ́jú. Ibà lè fà á, òkúta inú òróòro lè fà á, fáírọ́ọ̀sì lè fà á. Ewé kan ṣoṣo kò lè kojú gbogbo wọn. Nínú yàrá ìwádìí, àwọn èròjà phyllanthin àti hypophyllanthin inú rẹ̀ gba ẹ̀dọ̀ eku lọ́wọ́ májèlé, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun kékeré. Síbẹ̀, ẹni tí ojú rẹ̀ bá pọ́n, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni kó kọ́kọ́ lọ ṣe. Kí aboyún jìnnà sí i. Kí ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ bá dókítà sọ̀rọ̀, kí ṣúgà ara rẹ̀ má baà já wálẹ̀ jù.

Ẹni tó bá sì máa já a, kó wá a lọ sí oko tí wọn kò fín oògùn èpò sí. Èyí tó hù létí ọ̀nà Igolo, níbi tí èéfín ọkọ̀ ẹrù ń bà lé e látàárọ̀ ṣúlẹ̀, mi ò ní fi sẹ́nu.