Iná Makoko àti Àwọn Agbo Ìràwọ̀: Èwo ni ó Jìnnà, Èwo ni ó Sún Mọ́ Wa?

Ẹni tí ó bá gba orí afárá Third Mainland kọjá nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, kí ó wo ìhà Makoko dáadáa. Iná àwọn ilé orí omi wọ̀nyí a dàbí ẹni pé wọ́n gun ara wọn lórí. Ṣùgbọ́n ọmọ Ẹ̀gùn tàbí Ìlàjẹ tí ń tu ọkọ̀ níbẹ̀ mọ̀ pé omi wà láàrin wọn: iná méjì tí ó fara kanra lójú wa, ọ̀kan lè wà níwájú, kí èkejì wà lẹ́yìn pátápátá. Ní ọdún 2019, wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú ya àwòrán Makoko láti òkè, ojú ọ̀nà omi sì hàn kedere. Ta ni yóò wá fò lọ sókè ọ̀run láti ya ti àwọn ìràwọ̀ fún wa?

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ tẹ́tí. Oòrùn wa àti ìràwọ̀ tí a ń rí lóru jẹ́ ara agbo ńlá kan. Irú agbo bẹ́ẹ̀ kò lóǹkà, galaxy sì ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Wọn kò kàn fọ́n ká. Wọ́n a máa kó jọ bí ilé abúlé, ibòmíràn a sì ṣófo. Bí wọ́n ti kó jọ ni a fi ń mọ bí gbogbo àgbáyé ti ń gbòòrò sí i.

Àwọ̀ ni ó gbà wá. Ní 1929, Edwin Hubble ará Amẹ́ríkà fi hàn pé bí agbo ìràwọ̀ bá ti jìnnà tó ni ó ti ń sá kúrò lọ́dọ̀ wa tó, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a sì máa pọ́n sí i. Láti wọn pípọ́n yìí pé pérépéré, a ní láti tú ìmọ́lẹ̀ agbo kọ̀ọ̀kan palẹ̀ bí òṣùmàrè, iṣẹ́ náà sì ń pẹ́. Ní 1962, W. A. Baum ṣàlàyé ọ̀nà àbùjá: àwọ̀ mẹ́sàn-án péré ni ó fi díwọ̀n rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́ja kò ní jiyàn, nítorí ẹ kì í gbé ẹja kọ̀ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n kí ẹ tó dá iye lé agbọ̀n.

Àmọ́ ojú a máa tanni. Iná tí ó pọ́n ní Makoko, ṣé àtùpà elépo ni, àbí èéfín ẹja yíyan ni ó bò ó? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni eruku àti ìràwọ̀ tí ó ti gbó ṣe ń mú agbo ìràwọ̀ pọ́n. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ rìn dé láàrin ọdún kan ni à ń pè ní ọdún ìmọ́lẹ̀ kan. Àṣìṣe àwọ̀ lè ju mílíọ̀nù 100 irú rẹ̀ lọ! Abúlé a wá fọ́n ká, òfìfo a sì kún. Nítorí náà ni wọ́n fi ń tú ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ palẹ̀ láti fi tún ìyókù ṣe.

Láti 2013 sí 2019, awò ńlá kan lórí òkè Cerro Tololo ní ilẹ̀ Chile fi àwọ̀ márùn-ún ya ìdá kan nínú mẹ́jọ ojú ọ̀run. Ní 2024, wọ́n gbé èsì agbo ìràwọ̀ mílíọ̀nù 16 jáde. Ìjìnnà wọn dín sí ohun tí ìṣirò sọ ní bíi 4 nínú 100. Èyí kò tíì tó láti da ìṣirò náà nù, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí àwọn onímọ̀ sùn. Awò mìíràn, Rubin, ní Chile kan náà, fi àwòrán rẹ̀ àkọ́kọ́ han aráyé ní oṣù kẹfà 2025. Àwọ̀ mẹ́fà ni òun ní, ọdún 10 ni wọ́n sì là sílẹ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀.