Ẹ Yẹ Ọkọ̀ Yín Wò Kí Ẹ Tó Gbéra

Ọ̀nà tí ó ti Atakpamé lọ sí Amlamé àti Badou gba orí òkè kọjá. Ó ń gun òkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, ó sì wọ́ bí ejò. Ọkọ̀ tí ó kó kòkó tàbí kọfí, tí ó sì tún kó ènìyàn lé e, kò yẹ kí ó tọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ bí a kò bá tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ bí àwọn tí ó ń fi ọkọ̀ sáré ṣe ń tọ́jú ọkọ̀ wọn, nítorí ẹ̀kọ́ wọn yóò wúlò fún wa.

Àwọn tí ó ń fi ọkọ̀ sáré

Ní ilẹ̀ Jámánì, pápá ìsáré ọkọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Nürburgring. Ọdún 1927 ni wọ́n ṣí i. Ọ̀nà inú rẹ̀ gùn ju 20 kìlómítà lọ, ó sì ń gun òkè, ó ń sọ̀kalẹ̀ láàrin igbó. Ní àwọn ọjọ́ kan, ẹnikẹ́ni tí ó ní ọkọ̀ tí ó fi ń lọ sí ibi iṣẹ́ lè san owó, kí ó sì wà á níbẹ̀.

Ní Áfíríkà wa náà, wọ́n ń fi ọkọ̀ díje. Peugeot 504 tí ẹ mọ̀ dáadáa ni ó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Safari ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà ní 1975. Ní 1978, ẹ̀yà rẹ̀ tí ó ní ilẹ̀kùn méjì tún gba ipò kìn-ín-ní níbẹ̀, ó sì gbà á ní Côte d'Ivoire pẹ̀lú.

Ẹ má rò pé ẹ́ńjìnnì ni ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré ọkọ̀ máa kọ́kọ́ tún ṣe. Rárá o. Bíréèkì ni, lẹ́yìn náà táyà. Ọkọ̀ tí kò lè dúró kò yẹ kí ó sáré.

Bíréèkì

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yín méjèèjì ra ara wọn kíákíá. Wọ́n gbóná, àbí wọn kò gbóná? Bẹ́ẹ̀ ni bíréèkì ń ṣe. Páàdì a di irin tí ó ń yí pẹ̀lú táyà mú, eré ọkọ̀ a sì di ooru. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ooru yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ọkọ̀ tí ó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń fún bíréèkì ní ooru ìlọ́po mẹ́rin ti ọkọ̀ tí ó ń sá 50. Bí ẹrù bá pọ̀, ooru yóò tún pọ̀ sí i.

Epo bíréèkì ni ó ń gbé agbára ẹsẹ̀ awakọ̀ dé ìdí táyà. Epo yìí a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, bí iyọ̀ ti í ṣe ní àkókò òjò. Bí epo tí a kọ DOT 4 sí lára bá jẹ́ tuntun, kò ní hó títí yóò fi gbóná dé ìwọ̀n 230 Celsius, ó kéré tán. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti wọ inú rẹ̀, ó lè hó ní nǹkan bí 155.

Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ó bá hó? Yóò di oru. Epo kò ṣeé tẹ̀ mọ́ra, ṣùgbọ́n oru ṣeé tẹ̀ mọ́ra. Awakọ̀ yóò tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kanlẹ̀, ọkọ̀ kò sì ní dúró. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń kú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè.

Nítorí náà:
1. Ẹ máa pààrọ̀ epo bíréèkì ní ọdún méjì-méjì.
2. Ẹ má bu omi sí i láé. Ẹ má sì ra èyí tí wọ́n ti ṣí ìdérí rẹ̀.
3. Bí páàdì bá ti jẹ tí ó ku mìlímítà 3, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.
4. Ẹ wọ gíà kékeré kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀kalẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yóò bá bíréèkì fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ẹ má yọ gíà nítorí kí epo lè pẹ́.

Táyà

Níbí ni ẹni tí ó mọ nọ́ńbà kà ti ń jèrè. Bí ẹ bá fẹ́ ra táyà àlòkù, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin nínú àmì gígùn kan. Bí ó bá jẹ́ 2319, méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe táyà náà. Ẹni tí ń tà á lè kùn ún kí ó dúdú, kí ó máa dán, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kì í purọ́. Bí táyà bá gbó, rọ́bà rẹ̀ a le, a sì sán. Èyí tí ó ti pé ọdún mẹ́wàá, ẹ má rà á.

Ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà ní òwúrọ̀, nígbà tí ó ṣì tutù. Ìwọ̀n tí ó yẹ sábà máa ń wà ní ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó a máa gbóná jù, ó sì lè bẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ tún fi sípánà dán gbogbo nọ́ọ̀tì táyà wò.

Epo, omi àti ẹrù

Ẹ wo epo ẹ́ńjìnnì nígbà tí ọkọ̀ dúró lórí ilẹ̀ títẹ́. Ẹ wo omi ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ má ṣí ìdérí rẹ̀ nígbà tí ó bá gbóná, nítorí omi yóò tú jáde, yóò sì bó yín lójú.

Ẹni tí ó ń lọ sí pápá a máa kó gbogbo ohun tí kò dúró gírí kúrò nínú ọkọ̀. Ìgò kan tí ó yí lọ sábẹ́ bíréèkì tó láti pa gbogbo èrò. Ẹ so jáàkì àti ẹrù mọ́lẹ̀. Ẹ de bẹ́líìtì. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi zémìjàn ṣiṣẹ́, ẹ dé akoto, kí ẹ sì fún èrò yín náà ní tirẹ̀.

Gbogbo àyẹ̀wò òwúrọ̀ yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ yẹ ọkọ̀ wò ní ilé, kí ẹ lè padà sí ilé.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó ń mú kí bíréèkì gbóná?
2. Kí ni ó lè ṣẹlẹ̀ bí omi bá wọ inú epo bíréèkì?
3. A kọ 4016 sí ara táyà kan. Ọ̀sẹ̀ wo àti ọdún wo ni wọ́n ṣe é?
4. Kí ni ìdí tí a fi ń wọ gíà kékeré kí a tó sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè?