Ta Ni Ó Ni Orin Tí A Ń Jó Sí Yìí?

Ní ọjọ́ Sátidé kan tí mo ń ti Ọjà'ba gba ẹ̀gbẹ́ Mápó lọ sí Bẹẹrẹ, mo gbọ́ ìlù kan láti inú ìsọ̀ ọmọkùnrin kan tí ó máa ń bá ènìyàn kó orin sí fóònù. Ìlù ẹ̀rọ ń dún gúdú-gúdú láìsinmi, ṣùgbọ́n lábẹ́ gbogbo ariwo náà, ohùn àwọn ènìyàn tí ń gbe orin bí ti ilé wa ni mo ń gbọ́. Ìyá kan tí ó ń ta èlùbọ́ ní òdìkejì ti gbé igbá sílẹ̀, ó ń mi èjìká.

Mo bi ọmọkùnrin náà léèrè ẹni tí ó kọ orin náà.

Ó ní, “Tíṣà, òyìnbó ni o. Fatboy Slim ni wọ́n kọ sí i.”

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kò jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán. “Irọ́ ni! Òyìnbó wo ni ó ń lu irú ìlù yẹn?”

Ní tòótọ́, kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Fatboy Slim, ará Ìlú Ọba tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Norman Cook, ni ó fi ẹ̀rọ tún orin náà ṣe ní 2004. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé e jáde nínú àwo ni Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Bàdágìrì, tí a bí ní 1927. Ní 1950 ni ó rí ẹ̀bùn owó ìwé gbà, tí ó sì lọ sí Morehouse College ní Atlanta, ní Amẹ́ríkà. Ìwé ni ó bá lọ, ìlù ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Àwo rẹ̀ tí ń jẹ́ Drums of Passion jáde ní 1960, ọdún òmìnira wa gan-an, orin tí a ń wí yìí, “Jin-Go-Lo-Ba”, sì wà nínú rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni orin yìí kò ti sinmi. Santana fi gìtá gbé e ní 1969. Candido, onílù ọmọ Kúbà, sọ ọ́ di orin ijó kíláàbù ní 1979. Láti inú irú orin ijó bẹ́ẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní house ti jáde ní Chicago. Kíláàbù kan tí ń jẹ́ Warehouse, níbi tí Frankie Knuckles ti ń yí àwo láti 1977, ni ó fún un ní orúkọ. Iṣẹ́ àwọn tí ń ṣe é dà bí ti télọ̀ tí ń fi aṣọ òkè ìyá rán fìlà fún ọmọ: wọ́n á gé díẹ̀ nínú àwo àtijọ́, wọ́n á máa tún un gbé léraléra, wọ́n á sì fi ìlù ẹ̀rọ sí abẹ́ rẹ̀, bí ìgbà 120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàrin ìṣẹ́jú kan.

Èmi kò bá wọn jà sí èyí. Ní ìgboro Ìbàdàn níhìn-ín, ṣebí wéré tí a fi ń jí àwọn aláàwẹ̀ sí sààrì ni Dáúdà Epo Àkàrà sọ di àwúrèbe? Ohun tí ó ń dùn mí ni ti orúkọ. Ní 1964, Serge Gainsbourg, olórin ilẹ̀ Faransé, mú orin mẹ́ta láti inú àwo Ọlátúnjí, ó fi ọ̀rọ̀ Faransé sí i, kò sì dárúkọ ẹni tí ó ni ín. Ó di nǹkan bí 1986 kí a tó fi orúkọ Ọlátúnjí sí i. Ẹ̀yin ará Ọjà'ba, bí ẹnìkan bá gbé ọjà yín tà fún ọdún 22 láìjíhìn, kí ni ẹ ó pe irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ó sì ṣeé ṣe dáadáa. Ní 2013, nígbà tí 2face fẹ́ tún “Baby Jowo” ti Dókítà Victor Ọláìyá ṣe, bàbá náà, tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, ni wọ́n jọ kọ ọ́. Bàbá kú ní 2020, ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé tí kò gbọ́ híláìfù rí mọ ohùn rẹ̀.

Òfin ilẹ̀ wa tí Ààrẹ Buhari fi ọwọ́ sí ní 2023 sọ pé ẹ̀tọ́ ẹni tí ó kọ orin wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọlátúnjí kú ní 2003. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ó di òpin 2073.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọmọkùnrin Bẹẹrẹ náà. Ó ní, “Tíṣà, ṣé kí n kọ orúkọ àwọn méjèèjì sí i?” Mo ní kí ó kọ ti Ọlátúnjí ṣáájú. Ó kọ ọ́, ó kọ́kọ́ ṣì í kọ sí Ọlátúndé, mo bá a tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni ó wá ti 1960 rí, tí kò ní ẹ̀rọ kankan nínú, àfi ìlù àti ohùn ènìyàn. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ní kí n yà fún òun lọ́nà. Oníbàárà méjì ni ó dúró níwájú igbá rẹ̀ títí orin náà fi tán.