Ṣé o mọ̀? Nọ́ọ̀tì tàbí Jíjó Lábẹ́ Jíìpù

Ìlú Ọ̀yọ́ ni ọ́fíìsì àgbà Old Oyo National Park wà, ṣùgbọ́n inú igbó náà, tó fẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 2,512, ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà. Nírú ọ̀nà igbó bẹ́ẹ̀, abẹ́ ilẹ̀kùn jíìpù ni òkúta sábà máa ń gbá. Ìdí nìyí tí àwọn awakọ̀ kan fi ń so irin gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní rock slider mọ́ ṣáàsì. Tó bá jẹ́ bọ́dì ni wọ́n so ó mọ́, á kàn tẹ̀ wọnú ni.

Ṣé kí wọ́n jó o mọ́ ṣáàsì ni, àbí kí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè é?

Irin tí wọ́n bá jó dáadáa kì í mì, kò sì ní nọ́ọ̀tì tó lè tú. Ṣùgbọ́n iná náà ń jó ọ̀dà inú ṣáàsì, níbi tí ojú ò tó, ibẹ̀ ló sì ti ń dípẹtà. Jórinjórin tó mọṣẹ́, ì báà jẹ́ l'Ọ́yọ̀ọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, á kọ́kọ́ yọ wáyà bátìrì kí iná má baà ba kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jẹ́. Á tún wo ibi tí páìpù epo àti ti bíréèkì gbà.

Onínọ́ọ̀tì ṣeé tú pààrọ̀ bó bá tẹ̀. Kí ọlọ́kọ̀ wo orí bóòtù: èyí tí wọ́n kọ 8.8 sí lágbára ju 4.6 lọ fíìfíì. Ọ̀nà jágajàga sì ń tú nọ́ọ̀tì, nítorí náà kí sípánà tún kàn án lẹ́yìn ìrìnàjò àkọ́kọ́.

Fún ọkọ̀ tí olówó rẹ̀ ṣì fẹ́ tà, nọ́ọ̀tì ló dáa jù.