Bí Asẹ́ Ímeèlì Ṣe Ń Dá Lẹ́tà Ilé Mọ̀

Nínú ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó bá ní sáfà ímeèlì tirẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba lẹ́tà àwọn òṣìṣẹ́, tó ń tọ́jú rẹ̀, tó sì ń fi í ránṣẹ́, oríṣi lẹ́tà méjì ló ń gba ibẹ̀ kọjá: èyí tó ti ìta wá, àti èyí tí ará ilé kọ sí ará ilé. Ọ̀rọ̀ náà kan agbègbè òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn gan-an, níbi tí Mountain Top University ní Ìbàfò àti Christopher University ní Mówè ti gba ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 2015, nítorí pé ojoojúmọ́ ni ẹ̀ka kan ń kọ̀wé sí èkejì ní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó dojú kọ alámòójútó sáfà ni bóyá ó yẹ kí asẹ́ tó ń yọ lẹ́tà pàǹtí, tí gbogbo ayé ń pè ní spam, máa yẹ lẹ́tà ilé wò pẹ̀lú.

Máàkì ni irú asẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. SpamAssassin, tí Justin Mason gbé jáde lọ́dún 2001, máa ń fún àmì ìfura kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀, bí àpapọ̀ wọn bá sì pé 5, lẹ́tà náà di pàǹtí, àfi bí alámòójútó bá yí òṣùwọ̀n yìí padà. Nítorí ìwà àwọn oníjìbìtì 419, àwọn òfin kan wà nínú ẹ̀dà rẹ̀ àtijọ́ tó ń jẹ́ orúkọ Nàìjíríà, tó ń ṣọ́ àwọn gbólóhùn tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń lò. Akápò tó ń fi òótọ́ inú kọ̀wé nípa mílíọ̀nù owó, báǹkì àti ìkánjú lè tipa bẹ́ẹ̀ kó máàkì jọ láìmọwọ́-mẹsẹ̀. Ní àfikún, asẹ́ yìí máa ń bi àwọn sáfà òkèèrè léèrè bóyá ẹ̀rọ tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ wà nínú ìwé àwọn ọ̀daràn, débi pé, bí íntánẹ́ẹ̀tì bá dá, lẹ́tà tó ń lọ láti yàrá kan sí yàrá kejì lábẹ́ òrùlé kan náà yóò máa dúró de èsì tí kò lè dé.

Ó tọ́, nígbà náà, láti jẹ́ kí lẹ́tà ilé kọjá láìgba inú asẹ́. Ibi tí ewu wà ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dá a mọ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń sọ fún asẹ́ pé kó fi gbogbo lẹ́tà tó bá ní orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́yìn àmì @ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ SMTP, ìlànà ìfìwéránṣẹ́ tí Jon Postel kọ sílẹ̀ lọ́dún 1982, kò béèrè ẹ̀rí orúkọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó wà níbikíbi lè kọ orúkọ gíwá ilé-ẹ̀kọ́ sórí lẹ́tà, kó ní kí akápò sanwó sínú àkáǹtì tuntun, asẹ́ yóò sì ṣílẹ̀kùn fún ẹni náà gan-an tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé e kalẹ̀.

Ẹ̀rí méjì ló ṣeé gbára lé. Èkíní ni nọ́ńbà IP, àdírẹ́sì ẹ̀rọ tó fi lẹ́tà sílẹ̀. Postfix, sáfà tí Wietse Venema ṣe, tó sì jáde lọ́dún 1998, ní ìlà kan tó ń jẹ́ mynetworks, níbi tí wọ́n ti ń kọ nọ́ńbà àwọn ẹ̀rọ inú ọgbà, irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10 tàbí 192.168. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó ń gbé Ifọ̀, tó ń fi fóònù kọ̀wé láti ilé, nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ló ń lò, ọ̀pọ̀ oníbàárà ló sì máa ń pín irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ lò lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà, kíkọ ọ́ sínú mynetworks dà bí fífún àjèjì ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀rí kejì ló bá irú òṣìṣẹ́ yìí mu: kó gba ẹnu ọ̀nà 587 wọlé, èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà, nígbà tí àwọn sáfà ìta ń gba ẹnu ọ̀nà 25. Nínú fáìlì master.cf, lábẹ́ ìlà submission, wọ́n á kọ -o content_filter= láìfi ohunkóhun tẹ̀lé e, asẹ́ á sì fi ẹnu ọ̀nà náà nìkan sílẹ̀. Ohun tó dára jù ni pé kí àwọn tó wà nínú ọgbà pàápàá máa gba 587, kí ìdáǹdè lọ́wọ́ asẹ́ má baà ní ju ẹnu ọ̀nà kan lọ.

Ìdáǹdè yìí kò gbọ́dọ̀ kan àyẹ̀wò kòkòrò kọ̀ǹpútà, irú èyí tí ClamAV ń ṣe, torí ẹni tó bá jí ọ̀rọ̀ aṣínà ti di ará ilé lójú sáfà. Ó tún yẹ kí wọ́n fi òdiwọ̀n sí iye lẹ́tà tí ẹ̀rọ kan lè fi ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Postfix ní irú òdiwọ̀n bẹ́ẹ̀, àmọ́ bó ṣe ń wá láti ọwọ́ àwọn tó ṣe é, kì í fi í de àwọn tó wà nínú mynetworks, àfi bí alámòójútó bá sọ ìlà smtpd_client_event_limit_exceptions di òfìfo. Bí kò bá ṣe é, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kan ṣoṣo tí kòkòrò wọ̀ lè da ẹgbẹẹgbẹ̀rún pàǹtí síta lóru, kí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ sínú ìwé àwọn ọ̀daràn, kí lẹ́tà ìgbaniwọlé tí wọ́n kọ sí akẹ́kọ̀ọ́ má sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.