Ìbọn Ọ̀dà tàbí Ìfínọ̀dà?

Bí a bá túmọ̀ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ohun èlò tí a fi ń fín ọ̀dà ní tààrà, 'ìbọn ọ̀dà' ni a óò pè é. A dábàá 'ìfínọ̀dà', nítorí pé ó sọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó fẹ́ fín ọ̀dà elépo dídán nínú ilé yóò yàn láàrin ẹ̀yà méjì. Nínú 'ìfínọ̀dà aláfẹ́fẹ́', afẹ́fẹ́ ni ó ń fọ́n ọ̀dà ká. Ó dára fún àga àti ilẹ̀kùn, bí a bá ti la ọ̀dà náà kí ó má ki jù. Nínú 'ìfínọ̀dà aláìláfẹ́fẹ́', ẹ̀rọ ni ó ń ti ọ̀dà gba ihò tóóró jáde. Ó yẹ fún ògiri títóbi. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ lè mú ọ̀dà gún awọ ara wọlé. Bí ojú egbò tilẹ̀ kéré, ilé-ìwòsàn ni kí a yára lọ. Bí a óò bá lo 'ìbọn' rárá, èyí nìkan ni ó tọ́ sí, fún ìkìlọ̀.