Ṣé o mọ̀? Áyọ́ọ̀nù lè ṣe bọ́ọ̀dù rédíò

Áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ wà lára irinṣẹ́ tí èèyàn lè fi ṣe bọ́ọ̀dù rédíò nínú ilé. Bọ́ọ̀dù ọ̀hún kò ju fáíbà gíláàsì tí a lẹ bàbà fẹ́lẹ́ mọ́ lọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lésà á tẹ àwòrán ọ̀nà iná sórí bébà dídán, áyọ́ọ̀nù gbígbóná á gbé tónà, ìyẹn lúbúlúbú tí ẹ̀rọ náà fi tẹ̀wé, lẹ̀ mọ́ bàbà, kẹ́míkà ferric chloride á sì jẹ gbogbo ibi tí tónà kò bò.

Paul Eisler, ọmọ Austria, ti ṣe rédíò tó ní bọ́ọ̀dù tí a tẹ ọ̀nà iná sí ní London ní 1936.

Eruku gíláàsì tó ń jáde bí a bá ń lu ihò sí bọ́ọ̀dù náà kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó ń lu ihò gbọ́dọ̀ bo imú. Ní Mile 12 ní Èkó, níbi tí odò Ògùn ti máa ń ya wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da omi ferric chloride tí ẹ ti lò sí gọ́tà: bàbà inú rẹ̀ ń pa ẹja.